Ògiri Ọkàn Ìyá Rẹ

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Dókítà Onítáì, tó ń tọ́jú ìyá rẹ ní ọsibítù, ní kò sí bíríkìlà kan láyé tó lè mọ ògiri tó dà bí ti ọkàn ènìyàn, nítorí ìpele mẹ́ta ni, ó sì ń mì tọ̀sán-tòru láìwó. Ó kọ́kọ́ tún táì rẹ̀ ṣe kó tó sọ ọ́, bí ẹni pé òun ló po amọ̀ rẹ̀. Mo kí ọ o. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Nu ojú rẹ nù, wọn ò ní la àyà ìyá rẹ mọ́.

Nígbà tí àyà ń gún un tí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n lẹ okùn mọ́ ọn láyà, ẹ̀rọ kan sì pọ ìwé gígùn jáde, wọ́n ní kí n mú un lọ fún Onítáì. Ọmọ mi, irú ìkọ̀wé gbágungbàgun wo nìyẹn! Kò sí àlàfo, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógójì tí mo fi kọ́ni kò jẹ́ kí n dákẹ́. Mo fa bírò pupa yọ, mo fún un ní méjì nínú mẹ́wàá, mo ní kí ẹni tó kọ ọ́ tún un kọ, kó má kánjú. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Onítáì ní, Bàbá, ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ o, ọkàn Màmá ló ń pè é, ẹ̀rọ ló ń kọ ọ́. Àṣé àpèkọ ni! Mo tọrọ àforíjì, mo sì sọ máàkì náà di mẹ́wàá.

Wọ́n wá fi nǹkan tó ń yọ̀ pa á láyà, ọkàn rẹ̀ sì jáde nínú tẹlifíṣọ̀n. Mo dìde, mo kí i. Onítáì ní awọ òde nìkan ló wú, èyí tó ní omi díẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọkàn máa ha nǹkan tó yí i ká, oògùn yóò sì wò ó. Àárín ló ń bà wá lẹ́rù, iṣan tó nípọn, tó ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde bí ẹni ń fún aṣọ: ó le koko. Awọ inú, tó ń dán kí ẹ̀jẹ̀ lè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ láìdì, kò lábùkù. Ìyá rẹ ní kò ya òun lẹ́nu, pé gbogbo wàhálà tí mò ń kó bá òun láti ìgbà ìgbéyàwó, ìta ló ń dúró sí, kò wọlé rí.

Jọ̀ọ́, fi owó oògùn oṣù mẹ́ta ránṣẹ́, àti ti ìrọ̀rí gíga kan. Má fi í sínú fóònù mọ́ o. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ lánàá, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀. Ìròyìn tí yóò máa mú ọ rẹ́rìn-ín ni wàá máa gbọ́ nílé, ibi tó o bá fẹsẹ̀ lé yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Bàbá rẹ ni.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Onítáì ní iṣan àárín yẹn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó bí ìyá rẹ, kò gba ìsinmi ọjọ́ kan rí. Mo bi í ní ìbéèrè yìí, fáìlì ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí: Èmi fẹ̀yìn tì ní ọgọ́ta ọdún. Iṣan yẹn ńkọ́, ìgbà wo ni tirẹ̀?