Ìwọ̀n Olorì Àṣàkẹ́

Ọjọ́ Ajé, 5 Sẹ̀tẹ́ńbà 1988

Mọ́tò funfun kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́, láàárọ̀ yìí. Obìnrin tó sọ̀ kalẹ̀ wọ góòlù sí etí, sí ọrùn, sí ọwọ́ méjèèjì, àní sí eyín. Mo kà á: mọ́kànlá. Ó kọ́kọ́ wo ara rẹ̀ nínú dígí mi kó tó kí mi. Raliat lorúkọ rẹ̀, ìyàwó kékeré ọba Ìyàngí tó wàjà lọ́dún kẹta sẹ́yìn. Dígí ni n ó máa pè é nínú ìwé yìí.

Ó ní ẹgbẹ́ ọmọ Ìyàngí fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀. Àkọlé rẹ̀: Àwọn Olorì Arẹwà Láti Ìgbà Ìwáṣẹ̀. Mọ́remí yóò wà lápá ọ̀tún, ayaba Sábà yóò wà lápá òsì — ayàwòrán ni yóò fọwọ́ ya ìyẹn, ta ló rí wọn rí? — Olorì Àgbà Ìyàngí yóò sì wà láàárín, fọ́tò gidi. Aṣọ tí yóò fi ya fọ́tò náà ni kí n rán.

"Ìyá ní ọwọ́ yín làwọn fẹ́. Àwọn ò fẹ́ télọ̀ mìíràn."

Ìyàngí! Òpó iná mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, mẹ́sàn-án ni kò tan. Ó lọ́ba, ó lólorì, ó tún fẹ́ ní kàlẹ́ńdà.

Mo ní mo gbọ́. Mi ò sọ fún un pé Olorì Àgbà yẹn ló bí mi.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Àṣàkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Lọ́dún 1944, èmi Mọ̀ríámọ̀ jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Ọba Ìyàngí rí i lọ́jà, ó gbẹ́sẹ̀ lé e, ó di olorì. Bí ìyá bàbá mi ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí: "Ó rí iyùn, ó gbàgbé ọmọ." Bàbá mi, Mìkáílù télọ̀, kò sọ ohunkóhun títí ó fi kú. Ṣìmí funfun kan ni obìnrin náà fi sílẹ̀. Wọ́n máa ń tẹ́ ẹ fún mi sùn. Ó ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí mi. Lọ́dún tí mo gbàyọ̀ǹda iṣẹ́, mo fi tépù wọ̀n ọ́n: àyà, ínṣì 36. Ohun tí mo mọ̀ nípa ìyá mi kò ju ìyẹn lọ. Nọ́ńbà kan.

Ọ̀kín ni mo sọ ọ́. Ìyẹ́ rẹ̀ nìkan là ń ròyìn. Ta ló gbọ́ ìròyìn ọmọ ọ̀kín rí?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Sẹ̀tẹ́ńbà

Rúùtù tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò mọ àdúrà tán. Ó ní, "Ìyá Basit, ṣe iṣẹ́ náà jàre. Bí inú bá bí ọ, ṣebí abẹ́rẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ ẹ."

Ọjọ́bọ̀, 8 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo lọ sí Ọ̀yọ́. Náírà mẹ́rin àlọ, mẹ́rin àbọ̀. Ilé tí ọba Ìyàngí kọ́ fún àwọn ìyàwó rẹ̀ wà ní Owódé níbẹ̀. Ògiri pálọ̀ kún fún fọ́tò Ọ̀kín: Ọ̀kín pẹ̀lú ìrùkẹ̀rẹ̀, Ọ̀kín lórí àga, Ọ̀kín lẹ́gbẹ̀ẹ́ òyìnbó kan tí kò wo kámẹ́rà, tó jẹ́ òun ló ń wò. Mo ka mẹ́tàdínlógún. Kò sí ọmọ kankan nínú ọ̀kan. Kò bímọ fún ọba.

Òun fúnra rẹ̀ jókòó lábẹ́ wọn. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Tìróò lójú, làálì léèékánná, àgbọ̀n lókè bí ẹni tó ń wo òkè àjà. Mo ti ń retí ọjọ́ yìí láti kékeré. Mo rò pé àyà mi yóò já. Kò já. Ọrùn ló ń ro mí.

"Ìwọ ni télọ̀ Tákìé?"

"Èmi ni, Màmá." Bí mo ṣe ń pe gbogbo arúgbó oníbàárà nìyẹn. Kò túmọ̀ sí nǹkan kan.

Nígbà tí mo fi tépù yí i ká, ó ní, "Ọwọ́ ẹ tutù." Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ òfin. Kí n má gé ìró náà kúrú, olorì kì í fi ọrùn ẹsẹ̀ hàn. Kí ọrùn bùbá fẹ̀ díẹ̀ kí iyùn lè rí ibi jókòó. Mo ń kọ ọ́, mo ń rẹ́rìn-ín nínú. Ta ló ń wo ọrùn ẹsẹ̀ arúgbó?

Àyà, 33.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Sẹ̀tẹ́ńbà

33. Mẹ́ta ti yọ nínú 36. Oúnjẹ ààfin kò kúkú mú un sanra.

Ọjọ́rú, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo gbé aṣọ lọ kí ó wọ̀ ọ́ wò. Léèsì funfun, iṣẹ́ tó mọ́, mo mọ ohun tí mo ṣe. Ó wọ̀ ọ́, ó sì rọ̀ sí i lára bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Mo tún un wọ̀n. 31.

Mo rò pé tépù mi ló gbó tó ti nà. Nígbà tí mo délé mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà onígi bàbá mi. Tépù kò ní ẹ̀bi.

Dígí ní Ìyá kì í jẹun dáadáa mọ́, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ikùn yọ nínú fọ́tò. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń yin ènìyàn. Ikùn wo? Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ínṣì méjì. Ebi tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ pa nítorí kàlẹ́ńdà — Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n lẹ́wà.

Àwòrán Mọ́remí ti dé láti ọ̀dọ̀ ayàwòrán. Ọmú méjì, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́fà, ojú tí ó jọ ti Dígí (mo fura sí ẹni tó sanwó). Ọ̀kín gbé e síwájú mi.

"Ṣé o mọ ìtàn rẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Màmá. Ó fi ọmọ rẹ̀ rúbọ fún odò. Àwọn èèyàn ń yin ẹwà rẹ̀ títí dòní. Wọn ò bi ọmọ náà bó ṣe rí i."

Dígí pòṣé, ó ní, "Ẹ̀yin télọ̀ yìí mà lẹ́nu o!"

Ọ̀kín kò bínú. Ó ní, "Ọmọ kan ṣoṣo ló ní." Ó wá béèrè fún dígí. Dígí gidi, tó ń fi wo ojú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Ọkitóbà

Ọjọ́ òmìnira. Ọ̀nà dá, mo tètè dé.

29.

Mi ò pe nọ́ńbà náà sókè. Òun ló ní, "Mélòó?" Mo ní ó dín díẹ̀. Ó ní, "Má tàn mí. Mo mọ ohun tó ń jẹ mí nínú, dókítà sì mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni ẹnì kẹta." Ó rán Dígí lọ ra ẹran òbúkọ kan tí mo mọ̀ pé kò ní jẹ. Nígbà tí ilé dá, ó ní kí n rán ṣìmí kan fún òun, kí n fi òwú dí i láyà, léjìká àti lápá, kí òun wọ̀ ọ́ sábẹ́ bùbá.

"N kò fẹ́ kí àwọn ará Ìyàngí rí egungun. Rán an bí mo ṣe wà tẹ́lẹ̀."

Inú bí mi. Ẹni tó ń kú lọ, ohun tó ká a lára nìyẹn. Mo sì bi í ní ohun tí télọ̀ kì í bi oníbàárà. Mo ní, "Wọ́n ní ẹ ti lọ́kọ rí kí ẹ tó wọ ààfin, Màmá. Ṣé nítorí irú ẹwà báyìí náà lẹ ṣe fi ilé yẹn sílẹ̀?"

Kò gbójú kúrò lára mi.

"Nígbà náà, bí ọba bá gbẹ́sẹ̀ lé obìnrin, ta ní í bi obìnrin pé ṣé o fẹ́? Ọkọ ni wọ́n ń bi. Wọ́n bi tèmi. Ó ní pọ́n-ùn méjìlá."

"Ó gbà á?"

"Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo dúró níbẹ̀."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n ní ọmọ ọlọ́mọ kì í bá olorì wọ ààfin. Mo lọ pẹ̀lú aṣọ tó wà lára mi." Ó ń fọwọ́ pa léèsì náà. "Láti ọjọ́ náà, mo ní bí wọ́n bá ti rà mí nítorí ojú mi, wọn ò ní rí ojú náà kó rẹ̀ sílẹ̀ láéláé."

Irọ́ ni. Mo ní irọ́ ni, ní gbogbo ọ̀nà láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá mi kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Ọkitóbà

Bàbá mi kì í sọ ìwé nù. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Mo tú àpótí rẹ̀. Rìsíìtì màṣíìnì wà níbẹ̀, ó wà ní kíká nínú báàgì ọ̀tọ̀: 1944. Màṣíìnì ìránṣọ kan, pọ́n-ùn mọ́kànlá àti ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Sanwó lójú ẹsẹ̀.

Ọmọṣẹ́ télọ̀ tí ń fọwọ́ ránṣọ ni nígbà náà. Níbo ni yóò ti rí irú owó bẹ́ẹ̀?

Nínú pọ́n-ùn méjìlá, ṣílè márùn-ún ló ṣẹ́kù.

Màṣíìnì yìí ló fi bọ́ mi. Òun ló fi kọ́ mi níṣẹ́, òun ló fi sílẹ̀ fún mi. Mo fi bọ́ àwọn ọmọ mi. Òun náà ni mo fi ń rán aṣọ obìnrin yìí.

Gbogbo ọdún tí bàbá mi fi dákẹ́, mo ń pè é ní ìbànújẹ́. Ẹnu tó ti gbowó ni kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ilé tí mo ti ń kẹ́gàn, kì í ṣe ibẹ̀ ni ẹ̀gàn wà.

N kò ránṣọ lónìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Ọkitóbà

"Bí mo ṣe wà tẹ́lẹ̀." Oníbàárà mìíràn ì bá fún mi ní ìwọ̀n. Mo mú ṣìmí àtijọ́ náà jáde, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo sì gé tuntun lé e lórí. 36. Ejìká 15. Mo fi òwú dí i díẹ̀díẹ̀, mo ń gán an kí ó má baà kórajọ. Ínṣì méje ni mo ní láti fi òwú wá padà.

Rúùtù yọjú. "Ìyá Basit, arúgbó lò ń rán èyí fún àbí ìyàwó tuntun?"

Mo ní, "Ìyàwó tuntun ni."

Kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Ọkitóbà

Ọjọ́ fọ́tò. Èmi ni mo wọṣọ fún un. Ṣìmí, bùbá, ìró, gèlè, iyùn tó pọ̀ tó láti fi di ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó wọ ṣìmí náà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sí àyà rẹ̀, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀.

"Ta ló fún ọ ní ìwọ̀n yìí?"

Mo ní, "Mo fojú díwọ̀n ni, Màmá."

Ojo ni mí. Ìmọ̀ràn tí mo ti ń gba ara mi láti ọjọ́ Àìkú, ọ̀rọ̀ méjì péré ni: *èmi ni*. Kò gba owó. Mo gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, mo tún gbé e padà.

Ó ní, "Ojú ẹ dára o." Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú díẹ̀. "Ọwọ́ ẹ ṣì tutù."

Onífọ́tò ń pariwo, "Háà, Ìyá! Ẹ rọra o, ẹ ó fọ́ kámẹ́rà fún mi!" Ó yà á lẹ́ẹ̀mẹfà. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ Ìyàngí dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹnu wọn là sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ òwú ni wọ́n ń wò. Àgbọ̀n tó wà lókè yẹn nìkan ni kì í ṣe òwú. Mo jẹ́rìí sí i.

Jímọ̀, 14 Ọkitóbà

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Rúùtù. Ó ní, "Ìwọ tó ń ka gbogbo nǹkan, ṣé o ti ka ọjọ́ tó kù fún un?"

Ọjọ́ Ajé, 17 Ọkitóbà

N ó lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Aṣọ ìgbéyàwó mẹ́ta ló wà nílẹ̀ tí mo ti ṣèlérí.

Ọjọ́bọ̀, 20 Ọkitóbà

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ti pẹ́ jù. Mọ́tò funfun náà dé ní aago mẹ́jọ. Ọ̀kín kú lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Mo jókòó sẹ́yìn mọ́tò, mi ò ka nǹkan kan lọ́nà.

Wọ́n ti gbé e sí yàrá ẹ̀yìn láti wẹ̀ ẹ́. Àwọn ìyá méjì tí ń wẹ òkú, àwọn opó ọba mẹ́rin, àti èmi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti nu tìróò kúrò lójú rẹ̀. Àgbà nínú àwọn ìyá náà pọn omi, ó wò yí ká.

"Ọmọ rẹ̀ obìnrin dà? Ọmọ ló yẹ kó kọ́kọ́ bomi sí i lára."

Àwọn opó ń wo ilẹ̀. Ẹnì kan ní, "Kò bí." Ìyá náà ní, "Kò bímọ rárá? Arẹwà báyìí?"

Mo bọ́ bàtà, mo wọlé.

"Èmi ni," mo wí. "Mọ̀ríámọ̀. Ọmọ tó bí sí Ògbómọ̀ṣọ́."

Raliat ti na ife omi sí mi kí n tó sọ ọ́ tán. Kò sí góòlù kankan lára rẹ̀. Ó ní, "Ìyá ní a ò gbọdọ̀ pè yín bẹ́ẹ̀ tí ẹ ò bá fẹnu ara yín sọ ọ́."

Ọ̀kín ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà náà. Láti ìgbà tí ó ti ní òun ò fẹ́ télọ̀ mìíràn.

Mo bomi sí i. Ọwọ́ tirẹ̀ ló tutù lónìí.

Nígbà tí a parí, wọ́n gbé aṣọ funfun wá, wọ́n ní ṣebí aránṣọ ni mí, kí n bá wọn gé e. Ẹnì kan sáré lọ wá tépù.

Mo ní kó padà. Mo mọ ìwọ̀n ìyá mi.