Edé Ti Padà Sínú Apẹ̀rẹ̀ Ìyàwó Mi

Olóòtú wa, mo kí yín o. Ọmọ mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ má wádìí orúkọ mi.

Àgbẹ̀ ni mí. Òjò ń gbá ajílẹ̀ oko mi lọ sínú ẹ̀ka odò, omi di àwọ̀ ewé, kò sí edé fún ìyàwó mi láti kó mọ́. Ó kú láìtún rí ọ̀kan. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo fi ilẹ̀ ogún ìṣísẹ̀ sílẹ̀ fún koríko létí omi, kó máa dá ajílẹ̀ dúró.

Àbúrò ìyàwó mi, tí oko tirẹ̀ náà wà létí odò, ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ewúrẹ́ lẹ fẹ́ máa sìn létí omi ni?"

Ọdún mẹ́rin kọjá. Lánàá, mo kó edé kún apẹ̀rẹ̀ olóògbé! Àbúrò ọ̀hún gbé àwọ̀n dé. Mo ní, "Ṣé ewúrẹ́ lo wá kó ni? Lọ fi koríko sílẹ̀ létí omi tìrẹ ná."

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé mo jẹ̀bi?