Ọ̀rá Ìrù Àgùntàn fún Ọ̀gágun

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti rí i. Mo ti rí i! Mo ń kánjú, ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé — ta ni mò ń bẹ̀ gan-an? Ìwé lásán ni.

Ọ̀gá ní kí n kó àwọn ìwé ìwádìí àtijọ́ kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn wa. Pólì kọ́ mi láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọn ò kọ́ mi láti kó ẹrù, torí náà mo jókòó, mo ń kà wọ́n. Ọ̀kan sọ pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó gbìyànjú láti gbẹ̀mí ara wọn wò, wọ́n sì rí i pé kolẹ́sítẹ́róòlù wọn, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yẹn, kéré sí ti àwọn ẹlòmíì. Kéré! Ohun tí gbogbo dókítà ń lé kiri bí olè.

Ẹ̀gbọ́n mi Sanzhar — Ọ̀gágun nínú ìwé yìí, nítorí pé kò ní ọmọ ogun kankan — kò fẹnu kan ọ̀rá láti ìgbà òtútù tó kọjá. Ní ìlú Taraz! Láàárín àwa Kazakh! Ẹni tó bá sẹ́ bàbá rẹ̀ níbí, wọ́n á bá a jà. Ẹni tó bá kọ ọ̀rá, wọ́n á gbàdúrà fún un. Gbogbo ilé ní nítorí Bàbá ni: ọ̀rá ló dí iṣan ẹ̀jẹ̀ Bàbá tó fi kú, ọ̀rá náà ló sì fẹ́ràn jù lẹ́yìn Màmá. Ó lè jẹ́ ṣáájú Màmá.

Ní oṣù Kẹta, Ọ̀gágun fẹ́ gbẹ̀mí ara rẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé kò sí ibòmíì tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Òtútù àyà ni àwọn aládùúgbò gbọ́. Màmá — Ìjọba, nínú ìwé yìí — ti sọ ọ́ títí òun fúnra rẹ̀ fi gbà á gbọ́. Oògùn ikọ́ ló ń rà fún un. Kò jẹ́ kó padà sọ́dọ̀ dókítà mọ́, kí wọ́n má baà rí i ní ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù àárẹ̀ ọkàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹsàn-án

Mo gba ẹ̀jẹ̀ Ọ̀gágun láàárọ̀, kó tó jẹun. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ na apá." Ó nà án. Kò béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ó ń wo abẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn òjò ìlú tí kì í gbé.

Ó kéré! Ó kéré gan-an! Mo fò sókè níwájú ẹ̀rọ. Ọ̀gá ní ṣé mo jẹ tẹ́tẹ́ ni. Mo ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀, mà."

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹsàn-án

Mo gòkè lọ bá Dókítà Raushan ní wọ́ọ̀dù àárẹ̀ ọkàn. Òun ló tọ́jú Ọ̀gágun ní oṣù Kẹta. Mo ti ń pè é ní Dókítà Bóyá, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé sọ̀ kalẹ̀. Bóyá ọ̀rá tó lọ sílẹ̀ máa ń da ọpọlọ láàmú. Bóyá kì í dà á. Ìwádìí kan rí i, òmíràn ò rí nǹkan kan. Bóyá ọ̀rá ló ṣíwájú, bóyá ìbànújẹ́ ni.

Mo ní ṣé mo lè fún un ní ọ̀rá jẹ. Ó ní oúnjẹ dáa, ṣùgbọ́n oúnjẹ kì í ṣe ìtọ́jú, kí n mú un wá. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé ẹ ti bi í?"

"Bi í ní kí ni, mà?"

"Èyí tí ẹ̀rù ń bà yín láti bi í. Bóyá ó ṣì ń ronú láti gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹ pe ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń jẹ́. Ìbéèrè kì í gbin èrò yẹn sí ẹnikẹ́ni lórí."

Mo dúpẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀. Ta ni yóò máa béèrè ọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ti fún un lésì?

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Mo sọ fún Ìjọba. Mo ní ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ Bọ̀ọ̀dá ló lọ sílẹ̀, òun ló fa — mo wo ojú rẹ̀ — òtútù àyà yẹn.

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó jókòó. "Àìsàn tí oúnjẹ ń wò! Ọlọ́run mi o! Kí ló dé tí o ò ti sọ látàárọ̀ ọjọ́? Èmi tí mò ń fún ọmọ mi ní omi ọbẹ̀ bí aláwẹ̀!"

Ó ti pe abúlé. Ìrù àgùntàn kan ń bọ̀, irú tiwa níbí tó jẹ́ kìkì ọ̀rá.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹsàn-án

Ìrù dé. Ó tóbi ju ìrọ̀rí mi lọ. Ọ̀rá nínú tíì, ọ̀rá nínú ìrẹsì, ọ̀rá lórí búrẹ́dì. Ológbò wa ti ń sanra.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Ìjọba rí ohun tó ń mú ológbò sanra. Láti òní lọ, ó ń jókòó ti Ọ̀gágun títí yóò fi gbé òkèlè mì. Ọ̀gágun ní, "Màmá, bí wọ́n ṣe ń bọ́ ẹṣin tí wọ́n máa pa nígbà òtútù ni ẹ ń bọ́ mi yìí." Ìjọba ní ẹṣin kì í ráhùn tó bẹ́ẹ̀, kó la ẹnu. A rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Àwọn ará ilé Maqsat ń bọ̀ wá tọrọ mi lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n! Maqsat àfẹ́sọ́nà mi, ẹni tí mi ò fún ní orúkọ ìnagijẹ torí ó lè ka ìwé yìí lọ́jọ́ kan. (Maqsat, ojú ẹ fẹ̀ o. Pa ìwé náà dé.)

Wò ó bí nǹkan ṣe bára mu. Ọ̀rá ìrù àti ẹ̀dọ̀ àgùntàn ni wọ́n fi ń di àna níbí. Ẹbí méjèèjì á máa fi ọwọ́ kì í sí ara wọn lẹ́nu. Tí o bá ti gbé e mì, ọ̀rọ̀ parí. Tí o bá kọ̀ ọ́, ọmọbìnrin jókòó sílé. Ọ̀gágun ló máa jókòó sípò Bàbá. Ìrù kan ṣoṣo, ọkọ fún mi, ìwòsàn fún un. Pólì ò kọ́ mi lásán.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Mo tún gba ẹ̀jẹ̀. Ó TI GÒKÈ! Mo jó yí ẹ̀rọ ká. Mo fi ránṣẹ́ sí Dókítà Bóyá lórí fóònù. Èsì rẹ̀: "Ó dáa. Ṣé ẹ ti bi í? Ìgbà wo lẹ ń mú un bọ̀?"

Obìnrin yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n ti tọrọ mi! Ilé kún fọ́fọ́. Ìjọba ti ń sunkún kí àlejò tó dé, ó ní òun ń ṣe é sílẹ̀ ni.

Wọ́n gbé àwo wọlé. Àǹtí Külpash, ẹ̀gbọ́n bàbá Maqsat, obìnrin tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, bọ́ sí iwájú Ọ̀gágun pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ ọ̀rá kan. Ọ̀gágun wo ọ̀rá náà. Ó wò mí. Ó la ẹnu.

"Gbé e mì, àna mi! Ṣé o fẹ́ kí ọmọ yìí di arúgbó sílé ni?"

Ó gbé e mì. Àǹtí Külpash tún kì í sí i lẹ́nu. Ó tún gbé e mì. Ariwo! Lẹ́yìn náà wọ́n da wàrà kíkan bò ó lójú, bí àṣà ṣe rí, òun náà sì bu tirẹ̀ ó fi pa Àǹtí Külpash láti iwájú orí dé àgbọ̀n. "Yéè! Àna mi ti pa mí!" Mi ò tíì rí Ọ̀gágun báyìí láti ìgbà tí Bàbá kú. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo ṣe é. Èmi, Botagöz, pẹ̀lú ìrù àgùntàn kan.

Ọjọ́ Àìkú, 29 Oṣù Kẹsàn-án

Ọ̀gágun gbé gàárì ẹṣin Bàbá, èyí tó ní fàdákà lára, fún Maqsat. Gbogbo wa sunkún. Ẹ wo ọkàn rere.

Ọjọ́ Ajé, 30 Oṣù Kẹsàn-án

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo ń ṣe ìjábọ̀ ìkẹyìn fún Dókítà Bóyá lórí fóònù, fún ìyangàn. Mo kọ ọ́ pé: ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni gbogbo. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ó fún àna ní gàárì Bàbá. Ó gbé ọ̀pá ìpẹja rẹ̀ fún aládùúgbò. Láàárọ̀ yìí ó kọ́ Màmá bí wọ́n ṣe ń tan ààrò èédú, èyí tí òun nìkan ń tàn láti ìgbà tí Bàbá kú. Màmá ní ọmọ òun ti di ọkùnrin.

Mo kà á kí n tó fi ránṣẹ́.

Mo tún un kà. Ó jọ ti ẹni tó ń dágbére.

Mo sáré jáde. Ó wà ní àgbàlá, ó ń gé igi. Igi náà ti pọ̀ tó ti ìgbà òtútù méjì. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ń gbèrò láti gbẹ̀mí ara yín?"

Bó ṣe jáde lẹ́nu mi gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ọ̀run kò já.

Ó gbé àáké sílẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó jókòó sórí igi. "Láti oṣù Kẹta, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí nínú ilé yìí. Mo rò pé ikọ́ ni màá fi kú."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣùgbọ́n ọ̀rá yín ti gòkè! Ó ní ọ̀rá wo? Mo ṣàlàyé. Ìwé ìwádìí, ẹ̀rọ, gbogbo ẹ̀. Mo ní torí Bàbá lẹ ṣe kọ ọ̀rá, ọ̀rá wá lọ sílẹ̀, ìbànújẹ́ sì wọlé. Ó wò mí pẹ̀lú àánú.

"Bota, kì í ṣe torí Bàbá. Oúnjẹ ni kò ní adùn mọ́. Láti ìgbà òtútù, bí páálí ni gbogbo rẹ̀ rí lẹ́nu mi. Ọ̀rá tiyín náà, páálí tó ń yọ̀ ni."

Àṣé ìbànújẹ́ ló ṣíwájú, tí oúnjẹ kò fi lọ mọ́. Gbogbo oṣù ni mo fi di ìrù àgùntàn mú, tí mò ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé orí ni.

Mo pe Dókítà Raushan. Ó ní kí a má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ká mú un wá kíá. Kò sọ bóyá. Maqsat gbé ọkọ̀ wá. Ní ẹnu géètì, aládùúgbò ní ṣé òtútù àyà yẹn ló tún dé. Ìjọba la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á.

"Rárá. Àárẹ̀ ọkàn ló ń ṣe é. Ó fẹ́ kú, àwa ò sì fẹ́ kó kú."

Ó wọnú ọkọ̀, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Kò tú u sílẹ̀ títí a fi débẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n dá a dúró ní wọ́ọ̀dù. Oògùn wà, ìjókòó láti bá a sọ̀rọ̀ wà. Dókítà ní ọ̀nà jìn, ṣùgbọ́n a ti wà lójú ọ̀nà. Mo ní kí n ju ìwé ìwádìí yẹn nù? Ó ní rárá o, ìbéèrè gidi ló wà nínú rẹ̀, èmi ni mo kù gìrì mú èsì.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹwàá

Àwọn àna ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo múra sílẹ̀ de ìkọ̀sílẹ̀. Àǹtí Külpash wá fúnra rẹ̀, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó dí gbogbo rẹ̀.

"Ta ló sọ pé a kọ̀ yín? Ọ̀rá tí a ti gbé mì, a kì í bì í!"

Maqsat gbé gàárì lọ fún Ọ̀gágun ní wọ́ọ̀dù. Ó ní, "Ẹ gbà á padà. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ni kí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé e fún mi." Nọ́ọ̀sì ní wọn ò gba ẹṣin níbẹ̀. Maqsat ní gàárì nìkan ni, mà.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kẹwàá

A lọ kí i. Ìjọba gbé ọbẹ̀ ẹran dání. Ọ̀gágun bi mí pé ọ̀rá òun ti tó mélòó báyìí. Mo ní mi ò mọ̀, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò, báwo ni ẹ ṣe sùn? Ó ní kò dáa púpọ̀. Ó ní àná burú. Ó kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, níwájú Ìjọba, Ìjọba sì gbọ́, kò sì fi ikọ́ bò ó.

Lẹ́yìn náà ó bu ọbẹ̀ sẹ́nu. Ó dúró. Ó yí ojú.

"Màmá, iyọ̀ ti pọ̀ jù."

Ìjọba ń bínú, "Ṣé èmi ni mi ò mọ iyọ̀ fún ọbẹ̀? Èmi tí mo ti ń se ọbẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ?" — ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dákẹ́. Ó wò mí. Mo rántí páálí.

Mo gba ṣíbí, mo tọ́ ọ wò.

Iyọ̀ pọ̀ jù. Lóòótọ́ ni! Iyọ̀ ti pọ̀ jù!