Ọ̀rọ̀ Ife Méjì tí Burrell Tadlock Fi Gba Iṣẹ́ Ọkọ Mi

                                                            Oríta Fairlamb,
                                                            Gúúsù Karolina.
                                                            Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìíní, ọdún 1833.

Lavinia, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé àyà ríro tó máa ń bá a fínra nígbà òtútù ti fi í sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá ìkókó tí o ní kì í jẹ́ kí o fojú kan oorun? Mo gbọ́ pé yìnyín bo Ohio mọ́lẹ̀ lọ́dún yìí débi pé ṣọ́bìrì lẹ fi ń wa ọ̀nà jáde nílé. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Ní tiwa, ara le, a dúpẹ́. Hulda ọmọ mi ti ga jù mí lọ. Kò sí àrùn tó ń jà níbí àfi òṣèlú, ìyẹn ò sì tíì lóògùn.

O béèrè nínú lẹ́tà rẹ ìkẹyìn ibi tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọkọ mi já sí. Ó ti bọ́, Lavinia. Ọdún mọ́kànlá tí ó fi ń gba àpò lẹ́tà, tí ó ń tò ó, tí ó ń fún oníkálukú ní tirẹ̀ lójú fèrèsé pálọ̀ wa, ti dópin. Burrell Tadlock onílé ọtí ni wọ́n gbé e fún. Bẹ́ẹ̀ ni, Burrell kan náà tí ó máa ń dorí ìwé kodò tí á ní òun ń kà á. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o lè bá mi bínú dáadáa.

O ṣì wà níbí nígbà tí Ọ̀gágun kọ́kọ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ, tí àwọn ọkùnrin ri òpó igi híkórì mọ́ àárín oríta nítorí pé igi yẹn ni wọ́n fi ń pè é, tí wọ́n ń jó yí i ká bí ẹni pé òpó náà ló máa bá wọn túlẹ̀ oko. Wọ́n ní ìjọba ti di ti mẹ̀kúnnù. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba dìde kí ẹlòmíì jókòó, torí pé iṣẹ́ náà ò le, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é. Ẹnikẹ́ni! Èmi rò pé àsọdùn lásán ni, àṣé Burrell ni wọ́n ní lọ́kàn.

Lẹ́yìn tí o lọ ni ìlú pín sí méjì. Owó ibodè tí ìjọba àpapọ̀ bù lé aṣọ àti irin òkèèrè ló dá a sílẹ̀. Àwọn kan ní owó náà ń pa àwa ará Gúúsù tí à ń gbin òwú kí àwọn oníléeṣẹ́ Àríwá lè máa sanra, pé ìpínlẹ̀ wa á fagi lé òfin náà, bí ààrẹ bá sì fẹ́ rán ọmọ ogun wá, kó rán wọn. Kápútẹ́ẹ̀nì Threadgill ni olórí àwọn wọ̀nyí lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò jagun kankan rí yàtọ̀ sí èyí tí ìyàwó rẹ̀ ń gbé kò ó. Rìbọ́nnì búlúù ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fìlà. Àwọn kejì ní orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ fọ́, àti pé Ọ̀gágun kì í ṣi ẹsẹ̀ gbé. Lọ́yà Pinson ni olórí tiwọn. Bí Ọ̀gágun bá sín ní Wáṣíńtọ̀n, Pinson á yọ aṣọ ìnujú níbí.

Ọkọ mi ò bá ẹnikẹ́ni dá sí i. O mọ̀ pé láti ìgbà tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin ti gun orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò ti lè roko mọ́. Iṣẹ́ lẹ́tà yìí ni à ń jẹ. Ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń sọ pé lẹ́tà kò lẹ́gbẹ́, orúkọ ẹni tó ni ín nìkan ló wà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n nílùú àwọn wèrè, ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ló ń pa olówó rẹ̀.

Níbi oúnjẹ ọjọ́ òmìnira tó kọjá, lóṣù keje, ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. O mọ àṣà wa: ẹni tó bá jẹ́ nǹkan kan, tàbí tó bá fẹ́ jẹ́ nǹkan kan, á dìde, á gbé ife sókè, á sọ ọ̀rọ̀ kan, gbogbo èèyàn á mu sí i, wọ́n á sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ ife náà ránṣẹ́ sí oníwèé ìròyìn kí wọ́n lè rí i kà ní Wáṣíńtọ̀n. Threadgill dìde, ó ní òun ò ní ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni láéláé. Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni àwọn ẹrú rẹ̀ dúró sí, àwọn tí wọ́n ti ń yan ẹlẹ́dẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú, tí wọ́n ń fi ẹ̀ka igi lé eṣinṣin kúrò lórí àwo rẹ̀. Obìnrin kan nínú wọn, Dorcas, gbójú sókè wò mí. Èmi ni mo kọ́kọ́ wolẹ̀. Ojú tì mí títí dòní.

Ó wá kan ọkọ mi. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara rẹ̀ dìde, ó ní, “Mo mu eléyìí sí afárá odò Cane. Kí ẹni tó bá lè tún un ṣe jọ̀wọ́ tún un ṣe, kí àpò lẹ́tà yé jábọ́ sómi.”

Kò sẹ́ni tó mu.

“Afárá kẹ̀?” ni Threadgill wí. “Ilé ń jó, ẹnìkan ń wá ibi tí á gbà sọdá!”

Pinson ní, “Venable, ta ni kó tún un ṣe? Ìpínlẹ̀ ni àbí ìjọba àpapọ̀? Dúró síbì kan jàre!”

Burrell tó ń bu ọtí fún wọn bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá Venable, ẹ jókòó o jàre, ọtí ti ń pa yín.” Omi lásán ló sì wà nínú ife ọkọ mi.

Burrell fúnra rẹ̀ kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ó ní ọwọ́ òun dí, òun á fi ọ̀rọ̀ ife tòun ránṣẹ́. Àfi bí ó ṣe gba ilé Pinson lọ, tí ó ní kí ó bá òun kọ ọ́, tí ó tún gba ẹ̀yìn ilé Threadgill, tí ó ní kí Threadgill náà bá òun kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ méjèèjì dé nínú àpò kan náà. Nínú ti àwọn ará Ọ̀gágun ni mo ti kà á pé: “Láti ọwọ́ B. Tadlock: Sí Ọ̀gágun wa, kí ọwọ́ rẹ̀ tẹ gbogbo ọlọ̀tẹ̀ Gúúsù Karolina, kí ó sì so wọ́n rọ̀.” Nínú ti àwọn onírìbọ́nnì búlúù: “Láti ọwọ́ B. Tadlock: Sí Gúúsù Karolina, kí ó sin gbogbo ọmọ ogun tí apàṣẹwàá bá rán wá.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo sọ fún ọkọ mi pé Burrell ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀, kí á kan ìwé méjèèjì mọ́ ara ògiri kí aráyé rí i.

Ó kọ̀. Ó ní ìwé oníwèé ni. Mo ní kò burú, èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Mo dúró de Pinson nígbà tó wá gba ìwé tirẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wo èkejì. Lavinia, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí mo na ejò sí.

“Ìyá Hulda, èmi kì í ka ìwé àwọn ọlọ̀tẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé oòrùn ti yọ, màá kọ́kọ́ jáde lọ wò ó. Wọ́n parọ́ mọ́ Burrell torí pé olóòótọ́ èèyàn ni.”

Mo gbé ti àwọn ará Ọ̀gágun lọ bá Threadgill. Òun ò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. “Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ̀rọ̀ ife Burrell, ìwọ wá gbé irọ́ àwọn ẹrú Ọ̀gágun wá bá mi? Àbí ọkọ ẹ ló rán ẹ?”

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo mọ̀ pé òṣìkà ni wọ́n, n ò mọ̀ pé wọ́n tún gọ̀. Pinson kọ̀wé sí Wáṣíńtọ̀n pé kí wọ́n fún Burrell níṣẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ fọwọ́ sí i. Threadgill náà kọ̀wé, ẹgbẹ́ tirẹ̀ náà fọwọ́ sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún mẹ́rin tí gbogbo ìlú yóò fẹnu kò lórí ohun kan. Ọkọ mi nìkan ni kò rí ẹni kan ṣoṣo kọ̀wé fún un, torí pé gbogbo wọn ló ti ṣe lóore láìyan ẹgbẹ́ kankan.

Nínú oṣù kejìlá ni lẹ́tà ìdádúró rẹ̀ dé. Nínú àpò tó fọwọ́ ara rẹ̀ tú ló wà. Ó kà á, ó ká a, ó fi í sápò ẹ̀wù, ó sì ń bá a lọ, ó ń pe orúkọ àwọn tó ń dúró níta lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi pín gbogbo lẹ́tà tán. Ìgbà tí ó jókòó tì mí ní ilé ìdáná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Mo sunkún, n ò ní purọ́ fún ọ.

Burrell gba iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ilé ọtí rẹ̀ kún fọ́fọ́, ẹgbẹ́ méjèèjì ń bá a yọ̀. Àpò àkọ́kọ́ dé lọ́jọ́bọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ tí ẹnìkan ń kanlẹ̀kùn. Burrell ni, òun pẹ̀lú àpò léjìká.

“Ìyá Hulda, ẹ kú àárọ̀. Bàbá ńkọ́? Ojú ló ń dùn mí, n ò rí ìwé wẹ́wẹ́ kà. Kí wọ́n kàn bá mi tò ó, kò ju wákàtí kan lọ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni o.”

“Ojú tó ń dùn ẹ́ náà lo fi rí ipò ọkọ mi?”

“Ẹ má bínú, Ìyá wa. Òṣèlú ni, kì í ṣe ìjà.”

Ọkọ mi ti dìde lẹ́yìn mi, ó ti ń wá awò ojú rẹ̀. O mọ̀ ọ́n, kò kọ̀ láti to lẹ́tà rí. Mo na ọwọ́ dá a dúró. Mo sọ fún Burrell pé ohun kan ṣoṣo ni kí ó dá mi lóhùn, ọkọ mi á sì tò ó fún un lọ́fẹ̀ẹ́ títí láé. “Nínú ọ̀rọ̀ ife méjì tó jáde lórúkọ ẹ, èwo ni tìẹ?”

Burrell wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ìyá Hulda,” ni ó wí, “ẹ̀yin alára, ẹgbẹ́ wo lẹ wà?”

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Láti oṣù kejìlá, n ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó rọra tì mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó kí Burrell pé ó dàbọ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn àti àpò lẹ́tà tó wà léjìká rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ náà ni kò fi sún mọ́ fèrèsé pálọ̀.

Ó ní kí n bi ọ́ bóyá iléèwé tí ọkọ rẹ sọ pé ó ń wá olùkọ́ ṣì ń wá a. Bí wọ́n bá ṣì ń wá a, nígbà tí ọ̀nà bá gbẹ ni kí o máa retí wa, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo kí ọkọ rẹ, mo kí ìyá rẹ àgbà, mo fẹnu ko ìkókó lẹ́nu. Hulda kí yín púpọ̀púpọ̀.

Oníwàásù tó ń gba ọ̀dọ̀ yín kọjá ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Òun náà ni kí o fi èsì rán padà, má ṣe jẹ́ kó gba inú àpò o. Nílé Burrell báyìí, ẹni tó bá kọ́kọ́ ra ọtí ló ń gba lẹ́tà tó wà lókè.

Èmi ni tìrẹ tí kò yí padà,
Tirzah Venable