Sájẹ́ńtì Tí Ohùn Rẹ̀ Há

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ bá mi yọ̀. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ń wá ẹni tí mo máa rò ó fún, gbogbo ẹni tí mo sì ń rò ó fún, ó ń ṣe mí bíi kó jẹ́ ẹ̀yin.

Ilé iṣẹ́ bisikíìtì tó kógbá sílé ní Ọgbà, àwọn onífíìmù ti gbà á, wọ́n sọ ọ́ di ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ ṣọ́jà tuntun. Èmi ni wọ́n gbé aṣọ wọn fún. Ọgbọ̀n kakí ni mo rán, Bàbá, pẹ̀lú fìlà. Ojoojúmọ́ ni mo sì ń lọ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú, torí bọ́tìnnì tó lè já.

Iṣẹ́ wọn dùn ún wò. Fèrè á dún, àwọn ọmọ náà á sáré jáde, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn, wọ́n á máa fi apá gbé ara wọn sókè títí òógùn á fi rin kakí mi gbingbin. Ọkùnrin gíga kan ló ń ṣe sájẹ́ńtì tó ń kọ́ wọn. Ó pariwo láàárọ̀, ó pariwo lọ́sàn-án, ohùn rẹ̀ ò yẹ̀ rárá. Mo bá rántí yín nílé wa ní Agége, bí ẹ ṣe máa ń fa àga sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n bá ń ṣe fíìmù ṣọ́jà, tí àwa tó kù ò ní rí nǹkan kan mọ́.

Ẹ ó ní, “Fèrè yẹn, òótọ́ ni. Ìyà yẹn náà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pariwo báyìí látàárọ̀, ohùn wo ló máa kù sí i lọ́fun?”

Ẹ ó wá sọ ti sájẹ́ńtì tó máa ń gba ẹ̀yìn wọ ilé ìdáná yín ní bárékè, tí kò ní lè sọ̀rọ̀, tí yóò kàn na ife sí yín. Ẹ ó bu omi gbígbóná fún un, ẹ ó gún atalẹ̀ sí i. Orí àpò ìrẹsì ló máa jókòó sí láti mu ún, kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ má baà rí i. Kí tilẹ̀ ni orúkọ rẹ̀? Kí ló dé tí n kò bi yín kí ẹ tó papò dà?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọbìnrin tó ń darí fíìmù náà dá iṣẹ́ dúró.

“Sájẹ́ńtì yìí ò jọ èèyàn sí mi. Nǹkan kan kù.”

Mo yọ píìnì lẹ́nu, mo sọ̀rọ̀. Ta ló tilẹ̀ bi télọ̀? Mo sọ gbogbo ẹ̀, ti ife, ti atalẹ̀, ti àpò ìrẹsì.

“Mọ́mì, ta ló sọ èyí fún yín?”

Bàbá, ẹ dárí jì mí. Nílé ìwé, sájẹ́ńtì ni mo máa ń pè yín. Mo sọ fún gbogbo kíláàsì pé ẹ̀yin lẹ ń kọ́ àwọn ṣọ́jà níbọn yíyìn. Ọjọ́ tí ẹ gbé kúlà ìrẹsì wá fún wa níbẹ̀, ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo sá sí. Ṣé ẹ mọ̀?

“Bàbá mi ni. Kúùkù ni wọ́n níṣẹ́ ológun.”

Níwájú gbogbo wọn ni mo ti sọ ọ́.

Kíá ni wọ́n fi kúùkù kún eré náà, wọ́n wá ìkòkò ńlá. Wọ́n mú bàbá arúgbó kan lára àwọn òṣèré, wọ́n ní kí n kọ́ ọ. Mo fi hàn án bí ẹ ṣe máa ń kán ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Nígbà tí sájẹ́ńtì wọlé, tó na ife láìsọ̀rọ̀, arúgbó náà bu omi gbígbóná fún un, ó gún atalẹ̀ sí i. Ẹni tó gbé kámẹ́rà ń nu ojú.

Kúùkù náà kò ní orúkọ nínú ìwé wọn. Wọ́n ní kí n fún un ní ọ̀kan. Mo jókòó ti ẹ̀rọ mi, mo fi òwú pupa rán orúkọ yín sí àyà aṣọ ìdáná rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, kí òǹwòran tó jókòó sẹ́yìn pátápátá lè kà á.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń fi yín yangàn.