Fíìmù Tó Ń Ka Nọ́ńbà Sẹ́yìn

Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Mo ti gbẹ́sẹ̀ lé kámẹ́rà bàbá mi. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà látìgbà tí bàbá náà, Ọ̀gbẹ́ni Mò-Ń-Bọ̀, ti ní òun ń lọ wáṣẹ́. Ó wúwo ju màlúù lọ. Àwòrán onígun mẹ́rin ló ń yà, méjìlá péré. Fíìmù kan ló kù nínú páálí, ti dúdú àti funfun — ọjọ́ ara ẹ̀ ti kọjá kí n tó mọ̀ ọ́n rìn. Bàbá mi àti ọjà tó ti bàjẹ́.

Ọjọ́rú, 5
Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, ní kí n ya òun, ká fi ránṣẹ́ sọ́mọ òun, kó rí bí òun ṣe ń gbẹ, kó wálé. Mo ní àdírẹ́sì wo? Ó ní, "Ìwọ ṣáà yà á, alásọjù." Tí kò bá wálé lẹ́yìn èyí, òkúta ló wà láyà ẹ̀.

Àbámẹ́ta, 8
Mo yà á tán. Ẹ̀yìnkùlé, oòrùn tó lè din ẹyin, torí fíìmù àgbà ò ríran. Mo ní, "Màmá, ẹ má mira." Ó ní, "Ṣé mo ti kú ni?" Nọ́ńbà inú ihò pupa ẹ̀yìn kámẹ́rà ń lọ sẹ́yìn: méjìlá, mọ́kànlá, mẹ́wàá. Ó tún dorí kodò. Mo ní ogbó ni.

Ìṣẹ́gun, 11
Bàbá Òkùnkùn tó ń fọ fíìmù ní kí n padà wá lọ́la. Oorun dà?

Ọjọ́rú, 12
Kò tiẹ̀ bú mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹnì kan ti yà á tán tẹ́lẹ̀. Ìparí ẹ̀ lo fi bẹ̀rẹ̀. Àwòrán méjì ló gun ara wọn." Màmá Àgbà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ṣá bí aṣọ àlòkù. Láyà ẹ̀, bàbá mi dorí kodò — ẹ̀wù tí màámi fọwọ́ ara ẹ̀ rán ló wọ̀ — obìnrin kan fara tì í, ọmọkùnrin kékeré wà lórí itan ẹ̀. Irú iwájú orí mi gan-an ló wà lórí ọmọ yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 13
Màámi bi mí pé kí ni oúnjẹ ṣe fún mi. Mo ní eyín ń dùn mí.

Ẹtì, 14
Mo sọ fún Màmá Àgbà pé fíìmù bàjẹ́. Ó ní kí n gbé bíbàjẹ́ ẹ̀ wá. Mo gbé e fún un, mo dúró tì í, kí n lè gbá a mú tó bá fẹ́ ṣubú. Ó yí àwòrán náà po títí bàbá mi fi nàró. Ó fi àtàǹpàkò nu ojú ọmọ náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ikun imú.
Ó ní, "Ó ti ga ju báyìí lọ."