Ìjókòó Ẹ̀yìn Nínú Ọkọ̀ Earlene

                                        Ojúlé Kejìlá, Òpópónà Etí Omi,
                                        Scottsboro, Alabama.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹrin.

Wendell, àna mi, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Gbogbo ilé ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹun? Mo mọ̀ pé ikú ọmọ kì í tètè kúrò lọ́kàn ìyá. Ẹ kú ìrọ́jú o. Ní tèmi, ara le. Mo ń jẹ, mo ń sùn, àwọn ará ìjọ ò sì yéé gbé oúnjẹ wá, ṣùgbọ́n mi ò mọ adùn rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí dókítà eyín bá gún èèyàn lábẹ́rẹ́: o mọ̀ pé ẹnu rẹ ni, ṣùgbọ́n o ò mọ̀ ọ́n lára. Láti ọjọ́ tí a ti sin Earlene ìyàwó mi, mi ò tíì sunkún. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́.

O ní ṣé màá yọ̀ǹda ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀ fún ọ. Mo kọ́kọ́ fẹ́ ní kó o wá gbé e. Àmọ́ igi olódòdó funfun ẹ̀yìnkùlé ti tanná, o sì mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń wí tó bá ti tanná: ẹja báàsì ti wọ inú koríko. Mo ní kí n gbé ọkọ̀ náà lọ sádágún lẹ́ẹ̀kan ná.

Gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo ti ọkọ̀ sómi láàárọ̀ Sátidé, mo jókòó sẹ́yìn, mo gbé ọ̀pá ìpẹja lé itan, mo sì ń retí. Iwájú ni Earlene máa ń dúró, òun ló ń fẹsẹ̀ darí ẹ́ńjìnnì kékeré. Ibi tó bá ti ju ìwọ̀ sí kọjá ni èmi ń jù sí. Bàbá Virgil tó ń ta ẹja wẹ́wẹ́ létí omi wò mí títí.

“Doyle, ta lò ń dúró dè?”

Mo ní kò sẹ́nì kankan. Wọ́n kàn fi ẹsẹ̀ ti ọkọ̀ náà kúrò létí omi.

Síbẹ̀ mi ò bọ́ síwájú. Atẹ́gùn ló gbé mi wọ àárín òṣíbàtà, koríko sì dá ọkọ̀ dúró. Mo mú ọ̀pọ̀lọ́ onírọ́bà tí Earlene fi ń tan ẹja, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti já, mo jù ú sórí ewé, mo ń fà á díẹ̀díẹ̀ kó máa fò. Mi ò retí nǹkan kan. Àfi gbàù tí omi bú.

O mọ àìsàn mi. Bí ẹja bá ti kọ lu nǹkan lórí omi báyìí, màá ti já ọ̀pá sókè, màá sì já ọ̀pọ̀lọ́ gbà lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ọdún tí a fi jọ pẹja, ohùn kan náà ló ń ti iwájú wá: “Doyle, jẹ́ kó gbé e mì ná. Ta ló ń lé ẹ?” Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ mi ò mira. Kì í ṣe sùúrù baba ìwà o. Kò kàn jọ mí lójú ni. Okùn ń lọ sábẹ́ koríko, mo ń wò ó. Ìgbà tó wúwo lọ́wọ́ mi tán ni mo tó fà á, tòun ti ìdì koríko. Wendell, mi ò pa irú rẹ̀ rí láyé mi. Ẹnu rẹ̀ gba ìkúùkù mi.

Mo gbé e sókè, mo kọjú síwájú ọkọ̀. “Wò ó, mo dúró.” Mo sọ ọ́ síta. Iwájú ọkọ̀ ṣófo. Mo dá ẹja padà sómi, ni agbára abẹ́rẹ́ dókítà eyín yẹn bá tán. Mo sunkún débi pé mi ò rí ọ̀nà padà.

Bàbá Virgil bi mí bóyá mo rí nǹkan pa. Mo ní rárá. Mo fẹ́ kó jẹ́ ìwọ ọmọ ìyá Earlene ni yóò kọ́kọ́ gbọ́.

Má tíì wá gbé ọkọ̀ o. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o wá, kó o wá dúró níwájú. Èmi á wà láyè mi lẹ́yìn. Bí omi bá sì bú, bá mi sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń sọ.

Bá mi kí Màmá, kó o sì kí ìyàwó rẹ.

Èmi ni àna rẹ tó ń retí rẹ,
Doyle